Ẹnu Nídìí Ọpọ́n Ayò: Ọ̀ṣọ́ Eré Ni Tàbí Ìwà Àbùkù?

Ẹni méjì péré ló ń ta ayò, àmọ́ ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n máa ń pọ̀ ju ẹni méjì lọ fíìfíì. Èyí ló fa àríyànjiyàn tí kò tíì tán láàrin àwọn tó fẹ́ràn eré yìí, láti abẹ́ igi ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin títí dé gbọ̀ngàn ìdíje nílùú ńlá. Ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ń ta ayò máa fi alátakò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kó máa pè é ní òpè, kó máa kọrin sí i létí nígbà tí ìyẹn ń ronú, kí àwọn òǹwòran sì máa gbe orin náà? Apá kan ní ibẹ̀ gan-an ni adùn ayò wà, pé ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó lọ jókòó sí yàrá rẹ̀. Apá kejì ní ìwàkiwà ni, pé òun ló ń lé àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ sẹ́yìn, tí kò sì jẹ́ kí eré wa níyì lójú ayé bíi ṣẹ́ẹ̀sì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò ta á rí, ọpọ́n ayò ní ilé 12, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, á sì máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, lápá ọ̀tún, títí dé ìhà alátakò. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé alátakò tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Bí ilé tó wà lẹ́yìn ìyẹn náà bá ní méjì tàbí mẹ́ta, á kó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ ju 24 lọ ló borí. Òfin náà kò ju èyí tí ọmọ ọdún méje lè kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, àmọ́ ẹni tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo lè pàdánù odù, ìyẹn ilé tí ọmọ ayò pọ̀ sí, tó ti ń kó jọ láti àárọ̀.

Ararọ̀mí-Ọ̀pin tí mo dárúkọ lókè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí àwọn ará ìta máa ń ṣì mú fún ìpínlẹ̀ Èkìtì. Òsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Ìlọ́fà tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ kò sì jìnnà. Àgbègbè àwọn agbẹ́gilére ni gbogbo ibẹ̀. Òsì ni Areogun, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ti lo ayé rẹ̀ títí ó fi kú ní 1954. Àgbègbè Odò-Ọ̀wá ní Òkè-Ẹ̀rọ ni Bámigbóyè, agbẹ́gilére mìíràn, ti gbẹ́ àwọn ère Ẹpa tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn wọn ní 2022. Níbi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ igi, ọpọ́n ayò kò lè jẹ́ pátákó lásán. Bàbá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, àwàdà àti èébú tó ń bá a rìn sì wà lára ogún náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká pa ẹnu mọ́ nídìí ayò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ gé kúrò ti pẹ́ lára ìdí igi.

Àwọn tó ń gbèjà ẹnu ní àwíjàre tó lágbára. Àkọ́kọ́ ni pé ìdí ọpọ́n jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ láwùjọ Yorùbá tí ọmọdé ti lè fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ láì jẹ́ pé ó ṣẹ̀. Níta, ọmọkùnrin ọlọ́kadà máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá jókòó sídìí ayò, ọmọkùnrin náà á ní, "Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n ta, òpè ni yín! Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ wá!" Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, èébú ni, àmọ́ èébú tó wọ agbádá ni. Bàbá náà kò sì ní bínú. Á dá a lóhùn pé, "Bàbá tó bí ọ gan-an, mo jẹ ẹ́ títí ó fi ta ayò sílẹ̀. Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí o ta." Àwùjọ tó fi ọ̀wọ̀ ṣe òpó ilé nílò ibi kékeré kan tí ọ̀wọ̀ ti lè sinmi fún wákàtí kan. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, àti òpè nìkan ló wà níbẹ̀, ipò tí ẹnikẹ́ni sì lè fi ọpọlọ gbà ni ipò ọ̀ta, ì báà jẹ́ ọmọ tálákà tàbí ọmọ olówó.

Àwíjàre kejì ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wá. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì kan ní Amsterdam ní Nẹ́dálándì, fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà nínú Awari, ẹ̀yà ayò kan tí òfin rẹ̀ sún mọ́ tiwa gan-an. Iye ipò náà lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni eré náà máa ń já sí, 24 sí 24. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí ẹni tó ń borí nídìí ayò àfi tí ẹnìkejì bá ṣàṣìṣe. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ pe ẹni tó fi ẹnu mú kí alátakò rẹ̀ ṣàṣìṣe? Àwọn tó ń gbèjà ẹnu ní ọ̀ta ni. Wọ́n ní ọkàn tó lè kà dé ilé kejìlá nígbà tí ariwo ń lọ lókè orí rẹ̀ lágbára ju ọkàn tó nílò kí gbogbo ayé dákẹ́ kó tó lè kà dé ilé kẹfà. Lójú wọn, ìfarabalẹ̀ wà lára ohun tí ayò ń dán wò, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dán ìṣirò wò.

Ẹ̀kẹta, ẹnu àwọn òǹwòran jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn àwọn àgbà kò rí ìwé kankan kà lórí bí wọ́n ṣe ń ta ayò. Yẹ̀yẹ́ ló ń kọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá hó sí ẹni tó fi ilé tó ní ọmọ méjì méjì sílẹ̀ ní títò, ọmọ náà á mọ̀ pé ilé méjì méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ oúnjẹ fún alátakò. Nígbà tí wọ́n bá kan sáárá sí ẹni tó fi sùúrù kó odù pamọ́, á mọ ohun tí odù wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú púpọ̀ máa ń ṣọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìka méjì mú ọmọ ayò kan mọ́ èyí tó jẹ, tàbí tó fẹ́ fo ilé kan nígbà tó ń pín in, kò ní rí àyè níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń kà pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo náà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹfurí.

Ó yẹ ká gba gbogbo èyí gbọ́. Síbẹ̀, apá kejì náà kò sọ̀rọ̀ òfìfo.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yọ́ kúrò lórí ọpọ́n bọ́ sórí ènìyàn. Bí eré bí eré, àlàbọ̀rùn di ẹ̀wù. "O ò mọ̀ ọ́n ta" kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ láti ibẹ̀, ó rọrùn láti dé "abájọ tí oko rẹ kò fi so," láti ibẹ̀ dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà sí, dé oyè tí wọn kò fi jẹ bàbá ẹnìkan, dé ọmọ tí ẹnìkan kò tíì bí. Ní ìlú kékeré, gbogbo ènìyàn ló mọ ọgbẹ́ gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọn kò lè sọ níwájú baálẹ̀, wọ́n á fi ayò bò ó, wọ́n á sọ ọ́. Bí ẹni tó gbọ́ ọ bá fajú ro, wọ́n á ní kò lè gba eré, wọ́n á sọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ọpọ́n kò sì lè kó o jọ.

Èkejì ni pé ẹnu kò dọ́gba. Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀fẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run fún ní ahọ́n mímú. Ẹni tó ń kólòlò ńkọ́? Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè ibẹ̀ dáadáa, tó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbè é bí òun náà bá fèsì? Obìnrin ńkọ́? Obìnrin wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ayò ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, àmọ́ bó bá jókòó síbi tí àwọn ọkùnrin pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ tó máa gbọ́ kò ní dá lórí ayò mọ́. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ní ó ń sọ ọmọdé àti àgbà dọ́gba ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ti wà nínú agbo tẹ́lẹ̀. Fún àwọn tó wà lẹ́yìn agbo, ògiri ni.

Ẹ̀kẹta ni ìwà àwọn òǹwòran tó ń la ọ̀nà fún ẹni tí wọ́n fẹ́. "Wo ilé kẹrin! Wo ilé kẹrin!" Ohùn yẹn kì í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ọwọ́ kẹta ló wọ inú ọpọ́n. Ẹni tó ti jókòó fi orí ara rẹ̀ ronú á wá rí i pé gbogbo abẹ́ igi ni òun ń bá ta ayò. Àwọn àgbà ayò fúnra wọn kò fẹ́ràn èyí, wọ́n sì máa ń bá ẹni tó bá ṣe é wí. Àmọ́ bí ẹnu bá ti gba àyè láti ṣẹ̀fẹ̀, ta ni yóò wọ̀n ọ́n títí dé ibi tó ti di ìrànlọ́wọ́?

Ẹ̀kẹrin ni pé ayò ti kúrò lábẹ́ igi. Ó wà lára eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń fi díje fún àmì-ẹ̀yẹ ní Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Èkó ní 1973. Nílùú London, ìdíje Mind Sports Olympiad, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ń gba àwọn olùdíje ẹ̀yà ayò tí àwọn ará Ghana ń pè ní oware. Ní Antigua ní erékùṣù Karíbíà, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣì ń ta á, wọ́n ń pè é ní warri. Eré tó ti di ti àgbáyé báyìí nílò ìwà tí ẹni tó ti ìlú mìíràn wá lè lóye. Wọ́n á wá tọ́ka sí ṣẹ́ẹ̀sì, tí òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ọkàn alátakò rẹ̀ rú tàbí mú un bínú lọ́nà èyíkéyìí. Wọ́n á tọ́ka sí Scrabble, eré tí wọ́n ti ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ lórí pátákó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ará Ìlú Ọba ní eré mẹ́rin sí òdo nínú àṣekágbá, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ orí pátákó ló fi borí, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ.

Àríyànjiyàn náà ìbá parí síbẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ àti ìwà rere ń gbé ilé kan náà. Wọn kò gbé ilé kan náà. Scrabble tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2011, níbi ìdíje àgbáyé ní Warsaw ní Póláńdì, lẹ́tà G kan sọnù, olùdíje kan sì ní kí wọ́n mú alátakò òun lọ sí ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ wò. Àwọn alákòóso kò gbà. Ní 2012, níbi ìdíje orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Orlando, wọ́n lé ọ̀dọ́ olùdíje kan jáde nítorí pé ó fi àwọn lẹ́tà òfìfo pamọ́. Ní 2017 ni ìròyìn jáde pé àjọ Scrabble ní Ìlú Ọba ti fi òfin dè ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtagí wọn nítorí ọ̀nà tó ń gbà mú lẹ́tà nínú àpò. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ hó. Ó yẹ ká bi ara wa bóyá ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ìbá rí àyè lábẹ́ igi ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, níbi tí gbogbo ojú ti wà lórí ọpọ́n, tí ẹnu kò sì dákẹ́.

Àpẹẹrẹ tó tún là wá lóye wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Warhammer 40,000, tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop ní Ìlú Ọba gbé jáde ní 1987. Olùdíje á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọn ọmọ ogun rẹ̀, á tò wọ́n sórí tábìlì, á fi rúlà wọn bí wọ́n ṣe máa rìn tó, á sì da dáìsì olójú mẹ́fà láti mọ ẹni tó kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, níbi ìdíje ńlá kan ní Las Vegas, olùdíje kan gbé àwọn ọmọ ogun tó fi pamọ́ kalẹ̀ kó tó sún àwọn tó ti wà lórí tábìlì. Alátakò rẹ̀ ní àkókò sísún ti kọjá nìyẹn, pé kò gbọdọ̀ sún wọn mọ́. Ó tọ̀nà lójú òfin. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì jalè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo eré náà ní ìwà ọmọlúàbí kọ́, pé ọmọlúàbí ìbá sọ pé, "O gbàgbé, sún wọn kí á máa lọ." Àwọn mìíràn ní bí a bá ti jókòó fún ife-ẹ̀yẹ, òfin ni òfin.

Nínú irú ìdíje wọ̀nyí, àwọn alákòóso kan ti gbìyànjú láti fi máàkì sí ìwà: lẹ́yìn eré, olùdíje á fún alátakò rẹ̀ ní máàkì ìwà rere, máàkì náà á sì kà. Ohun tó dára ni, àmọ́ àwọn kan rí i pé bí wọ́n bá fún alátakò ní máàkì kékeré, ó máa fà á sẹ́yìn lórí tábìlì àbájáde. Wọ́n wá ń fi ohun tó yẹ kó gbé ìwà rere ró hùwà burúkú. Àwọn mìíràn ń fa ọwọ́ sẹ́yìn kí àkókò lè parí nígbà tí wọ́n bá wà níwájú, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ìdíje gbé aago bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì. Ẹ̀kọ́ tí a lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn bá ti fẹ́ borí lọ́nàkọnà, ìwàkiwà á wá ihò tó máa gbà wọlé. Bí a bá dí ihò ẹnu, yóò gba ti ọwọ́. Bí a bá dí ti ọwọ́, yóò gba ti àkókò tàbí ti ìwé òfin.

Níbi tí mo dúró sí, ẹnu kọ́ ni olórí ẹ̀ṣẹ̀ nídìí ayò. Jìbìtì ọwọ́ burú jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n fi ẹnu bá jà mọ̀ pé wọ́n ń bá òun jà. Ẹni tí wọ́n jí ọmọ ayò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Kí ènìyàn kọ̀ láti gbà pé wọ́n ti na òun náà burú ju ẹnu lọ. A ti rí ẹni tó dojú ọpọ́n délẹ̀ nígbà tó rí i pé ọ̀nà ti dí, tó wá ní ọmọdé kan ló fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ìyẹn pa eré run ju orin èébú ogún lọ. Àmọ́ pé nǹkan mìíràn burú jù ú lọ kò sọ ẹnu di ohun tí kò ní ààlà. Ìbéèrè tó kù ni ibi tí ààlà rẹ̀ wà, ọpọ́n fúnra rẹ̀ sì ti dáhùn rẹ̀.

Ayò ní òfin kan tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa kì í kà sí. Bí gbogbo ilé alátakò rẹ bá ṣófo, tí ìwọ sì ní ọmọ nílé tìrẹ, o kò gbọdọ̀ máa ta kiri nínú ìhà rẹ kí o máa wò ó. Bí ọ̀nà bá wà láti ta ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á dé ibẹ̀. O gbọ́dọ̀ fún ẹni tí o ń bá jà ní ohun tó máa fi bá ọ jà. Níbi púpọ̀, wọn kì í tún gbà kí ènìyàn jẹ gbogbo ọmọ alátakò tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ní ku ẹyọ kan tó máa fi fèsì. Àwọn tó ṣe òfin yìí kò ṣe é nítorí àánú. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnìkejì kò bá ní ohun tó máa ta, kò sí eré mọ́, ohun tó kù ni ìyà.

Òfin yẹn ló yẹ kó wọ ẹnu náà. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tí a ṣe é sí lè dá padà, eré ni. Ẹ̀fẹ̀ tí kò lè dá padà, ìfìyàjẹni ni, kódà bí gbogbo agbo bá rẹ́rìn-ín. Bí o bá ní mi ò mọ ayò ta, ìdáhùn mi wà lórí ọpọ́n: mo lè jẹ ọ́ nígbà tó bá kàn mí. Bí o bá fi àìríbí mi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ilé kankan nínú ilé 12 náà tí mo lè ta tó máa dá ọ lóhùn. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà tó pe ọ̀gá ilé-ìwé ní òpè kò kọjá ààlà, nítorí ọ̀gá náà ní ẹnu, ó ní ọjọ́ orí, ó sì tún ní ọpọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá náà bá fi ipò rẹ̀ pe ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń kọ́ṣẹ́ ayò ní olórí àgbọn, ó ti kọjá rẹ̀. Ọmọ náà kò lè dá a padà láì jẹbi nílé. Ọ̀rọ̀ yìí sì yí ohun tí a mọ̀ sí ẹ̀tọ́ padà: ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ kí ẹnu rẹ̀ rọ̀ jù nídìí ayò.

Ẹni tó bá takò mí lè sọ pé ìwọ̀n yìí ṣòroó fi wọn ọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá ti gbóná, pé ta ni yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá alátakò lè fèsì kó tó lanu. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi í lé ọwọ́ àwọn tó ń ta á nìkan. Abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ní àgbà tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹni tí kò nílò fèrè kó tó ṣe rẹfurí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé, "Padà sórí ọpọ́n," nígbà tó bá gbọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sí oko tàbí ilé ẹnìkan. Bí ó bá dákẹ́ tàbí ó bá wọn rẹ́rìn-ín, òun náà ti gbè sẹ́yìn èébú náà.

Ní ti ìdíje tó ní àmì-ẹ̀yẹ àti owó, mi ò rò pé ó yẹ ká kó gbogbo ariwo abẹ́ igi lọ síbẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ ká sọ ibẹ̀ di ilé ìdánwò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun mẹ́ta ló tó. Kí àwọn òǹwòran má ṣe dárúkọ ilé kankan nígbà tí eré bá ń lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú un jáde, nítorí ìrànlọ́wọ́ ló ṣe, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí ẹni tó ti ta tirẹ̀ tán pa ẹnu mọ́ títí alátakò rẹ̀ á fi ta, kí àyè ẹnu wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì láàrin eré kan sí èkejì. Kí èébú tó kúrò lórí ayò wọ ara ènìyàn ní ìyà tó wúwo bí ìyà jìbìtì, kí ó jẹ́ pé ẹni tó bú ni eré náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A máa pàdánù nǹkan kan bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin kan ṣoṣo mú kí ọwọ́ alátakò gbọ̀n kò ní lè lo ọgbọ́n yẹn níbi ìdíje, ọgbọ́n ni lóòótọ́. Àmọ́ obìnrin tó mọ̀ ọ́n ta ju ọkọ rẹ̀ lọ á lè jókòó, àlejò á lè jókòó, ẹni tó ń kólòlò á lè jókòó. Bí àwọn wọ̀nyí bá jókòó tí a sì ṣì nà wọ́n, ìgbà yẹn ni a tó lè pe ara wa ní ọ̀ta.